Yorùbá Òndó ò wọ̀ mí létí, ṣé àsẹ́ǹtì ni àbí èdè míì?

ỌmọMushin:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Mushin ni mo dàgbà sí, Yorùbá ni mò ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àfìgbà tí iṣẹ́ gbé mi dé Òndó tó wá dà bíi pé n ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Tí wọ́n bá kọjú sí mi mò ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn méjì máa bá ara wọn sọ ọ́, ó parí. Ohùn kan tún ń jáde látọ̀nà ọ̀fun wọn ṣá. Mo tún rí ọmọ kékeré tó ń bá bàbá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ láìsí "ẹ" kankan, bàbá ò sì bínú!

Ekimọgún:
Káàbọ̀ jàre 😂 Yorùbá ni. Ohùn ọ̀fun yẹn ni "gh", àwọn Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ náà ní i. Ọ̀pọ̀ ibi tẹ́ ẹ bá ti ń pe w, gh ló máa wà níbẹ̀, kódà àwọn ará Ọ̀wọ̀ gan-an, Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n ń pe ìlú wọn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ìdajì wàhálà ti tán. Ti "ẹ" yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pè wá ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ o, bá a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ náà la ṣe ń bá àgbà sọ ọ́, ìkúnlẹ̀ wa wà níbẹ̀.

ỌmọAdó:
Àwa Èkìtì ńkọ́? Ilé wa "ulé" ni, iṣu "uṣu", Ìjẹ̀ṣà náà bẹ́ẹ̀. Tíṣà á wá dúró níwájú kíláàsì, á ní kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi u bẹ̀rẹ̀, ṣé ulé tí mo ti jáde láàárọ̀ yẹn wá di ti Faransé ni? Ajayi Crowther tó wà nídìí Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884, ọmọ Òṣoògùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ti Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé títí dòní, òun náà lẹ̀ ń gbọ́ lórí rédíò.

Mesìọ̀gọ̀:
Ti Ọ̀yọ́ kẹ̀? Sé ẹ rí i báyìí, àwa Ìbàdàn àtàwọn Ọ̀yọ́ púpọ̀ ò kì í pe s tó ní àmì nísàlẹ̀ yẹn rárá, síbẹ̀ ó wà nínú ìwé, àwọn ọmọ Èkó á tún máa fi wá sẹ̀sín. Isẹ́ ni à ń se o 😂

ỌmọMushin:
Ẹ sé o, Mesìọ̀gọ̀ 😂 Wọ́n ní mo máa dé Àrìgìdì Àkókó lóṣù tó ń bọ̀, ṣé gh yẹn á ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀?

Ekimọgún:
Rárá o! Àwọn yẹn ní èdè tiwọn lọ́tọ̀, ìyẹn kì í ṣe Yorùbá, èmi gan-an ò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n á bá yín sọ ọ́.