Èsì sí “ìtọ́jú àfidípò”: ṣé ọba tuntun ni, àbí adelé?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó èdè.

Mo ti ka gbogbo èsì yín. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀: ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́ fẹ́ pín ìwé pélébé fún àwọn obìnrin tó ti ń kúrò lọ́jọ́ orí ìbímọ, wọ́n sì ní kí èmi olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì bá wọn kọ ọ́ lédè wa. Èyí tó dá mi dúró níbẹ̀ ni ohun tí àwọn dókítà ń ké kúrú sí HRT (hormone replacement therapy), ìyẹn oògùn tó ń fún obìnrin ní díẹ̀ nínú họ́mónù, àwọn ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ ara, tí ara rẹ̀ kò ṣe mọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti lọ. Ọ̀gá wa ní Oǹdó dábàá “ìtọ́jú àfidípò họ́mónù”. Àbúrò wa nọ́ọ̀sì ní “ìdápadà họ́mónù” ló yé òun jù. Ẹnìkan tún gbé “oògùn ìsọdèwe” wá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí mo mọ iye ènìyàn tí yóò tò láti rà á.

Kí n jẹ́wọ́ kí n tó máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi gan-an. Ọmọ ọdún 58 ni mí, láti 51 ni nǹkan oṣù mi ti lọ, ooru inú kò sì tíì fi mí sílẹ̀. Ní àárín òru, tí gbogbo Alágbàká ń sùn, mo máa ń dìde jókòó lórí ibùsùn, aṣọ ìbora á ti rin gbìndìn bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Dókítà ní kí n lọ rò ó bóyá mo fẹ́ oògùn náà. Mo ń rò ó. Bí wọ́n sì ṣe dá mi, n kì í lè ro nǹkan tí n kò bá tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ẹsẹ̀ wa ti kọ́kọ́ yọ̀ bẹ̀rẹ̀. “Ìdádúró nǹkan oṣù” ni púpọ̀ nínú yín ń kọ. Ó wà nínú ìwé, n kò ní kí ẹ pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ohun tó dá dúró lè tún gbéra: ọkọ̀ máa ń dá dúró ní Òrè kí èrò lè jẹun, kí ó tó tún máa lọ. “Sé” náà kò sàn jù ú lọ. Nǹkan oṣù máa ń sé nígbà oyún, ó máa ń sé nígbà àìsàn. A máa ń sé odò pẹ̀lú, omi tí a bá sì sé, ẹ̀yìn ibi tí a ti sé e ló ń gbá jọ sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 67, tí wọ́n ń ta irú àti ata gbígbẹ ní Ọjà Ọba, gbà títí di òní pé ikùn àwọn tó yọ síta yìí, ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde mọ́ ló kún ibẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹyin tí a bí mọ́ obìnrin ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, họ́mónù tí ilé ẹyin ń ṣe ti lọ sílẹ̀, awọ inú ilé ọmọ kò sì nípọn mọ́ débi tí yóò fi ní ohun tí yóò wó jáde. Mo ti ṣàlàyé èyí fún wọn tó ìgbà mẹ́ta. Báwo ni wọn yóò ṣe gbà mí gbọ́, nígbà tí orúkọ tí a sọ nǹkan náà ń jẹ́rìí gbè wọ́n?

Àwọn tó fún un ní orúkọ òyìnbó náà, menopause, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ará Faransé kan, Gardanne, ló so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀ ní 1821, oṣù àti dídúró. Ìdádúró wa yìí, ọmọ ìdúró tirẹ̀ ni. Bíbélì Yorùbá gbọ́n jù wá lọ níbí: nígbà tí wọ́n dé ọ̀rọ̀ Sárà ní Jẹ́nẹ́sísì 18, ẹsẹ 11, “dẹ́kun” ni wọ́n lò fún ìṣe obìnrin tí kò rí mọ́. Ohun tó dẹ́kun ti dẹ́kun. (Pé Sárà wá bímọ lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn.)

Àwọn obìnrin ọjà kò tiẹ̀ dúró de ìkankan nínú wa. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ, ó ní, “Tèmi ti kógbá sílé.” Ẹ wo bí ó ti mọ́ tó! Aláàtẹ tó kógbá sílé kò ṣàìsàn, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, ilẹ̀ ọjà ló ṣú. Fún ìwé, mo mú ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, “ìkásẹ̀ńlẹ̀ nǹkan oṣù”. Àwọn dókítà kò ní kà á sí ìkásẹ̀ńlẹ̀ àfi bí odidi oṣù 12 bá kọjá láìrí nǹkan kan. Àwọn ọdún ségesège tó ṣáájú rẹ̀, tí ó ń wá lóṣù yìí tí kò wá lóṣù tó ń bọ̀, n kò tíì rí orúkọ tó wù mí fún wọn. Ẹ bá mi wá a.

Ní ti họ́mónù, ẹ jẹ́ kí àyálò náà dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú “ìlàrí-ara” wá múnú mi dùn, torí ìránṣẹ́ ni Starling, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ họ́mónù ní 1905, pè wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ló ni ìlàrí, Ifẹ̀ ló ni ẹmẹ̀sẹ̀ (ìránṣẹ́ ọba ni àwọn méjèèjì), bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ ìjà yẹn, ìwé pélébé kò ní jáde lọ́dún yìí. “Omi ara” ní tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ọkùnrin yóò rò.

Ó wá ku àfidípò. Ọ̀gá wa ní Oǹdó tú u palẹ̀ fún wa: dí, ipò. Wọ́n ní kò sọ ju pé nǹkan dí àyè tó ṣófo. Gbòǹgbò rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn ti gbé e kọjá gbòǹgbò. Bí mo bá fi táyà kan dípò òmíràn, táyà tuntun gbọdọ̀ sáré bí ti àtijọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Oògùn yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í dá ilé ẹyin padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í dá agbára ìbímọ padà. Ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ tí yóò pa ooru, tí yóò jẹ́ kí obìnrin rí oorun sùn, tí yóò sì dáàbò bo egungun, ni wọ́n ń fún ni.

Èrò pé nǹkan kan sọnù tí a gbọdọ̀ fi òmíràn dí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1966, dókítà ará Amẹ́ríkà kan kọ ìwé tó sọ ìkásẹ̀ńlẹ̀ di àrùn àìtó, bí ìgbà tí insulin kò tó lára alátọ̀gbẹ, ó sì ṣèlérí pé obìnrin tó bá ń lo họ́mónù kò ní gbó. Ọ̀rọ̀ “ìsọdèwe” tiwa, ọmọ ìyá ìlérí yẹn ni. Àwọn tó ni èdè náà ti ń sá fún un báyìí. Ẹgbẹ́ The Menopause Society ní Amẹ́ríkà kò fi ìdípò kún un mọ́, ìtọ́jú họ́mónù lásán ni wọ́n ń kọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì di HRT mú. Kí ló dé tí àwa yóò fi máa sáré lọ wọ aṣọ tí ẹni tó ni ín ti ń bọ́ sílẹ̀?

“Ìdápadà” ńkọ́? Mo gbé e dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Kí n tún máa ra páàdì ní 67?” Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tí mo mú wá nìyí. Gbogbo wa ní Àkúrẹ́ mọ ohun tí à ń ṣe bí Déjì bá wàjà. Ọmọbìnrin ọba ni à ń fi jẹ adelé. Yóò múra bí ọkùnrin, yóò jókòó gbọ́ ẹjọ́ ìlú, a ó sì máa wárí fún un. Síbẹ̀ kò sí ọmọdé kan tó rò pé ọba tó lọ ló padà dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ìlú má dàrú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ẹni tó ń de ilé, tó ń ṣọ́ ọ kí ó má di ahoro. Họ́mónù inú oògùn kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Họ́mónù adelé” ni mo pè é, “ìtọ́jú adelé” sì ni lílò rẹ̀.

Mo ta Ọ̀gá wa lólobó lórí fóònù kí n tó kọ èyí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: “Adelé ń dúró de ọba tuntun. Ta ni obìnrin yìí ń dúró dè?” Ìbéèrè àgbà ni. Ó gba oorun lójú mi lálẹ́ ọjọ́ náà (ooru ló kọ́kọ́ gbà á, kí n má purọ́ mọ́ wọn). Ìdáhùn tí mo rí ni pé ìlú ni à ń dúró dè kí ó fara balẹ̀. Ara máa ń kọ́ bí yóò ṣe gbé láìsí họ́mónù àtijọ́, ó kàn ń pẹ́ kọ́ ọ ni. Ìwádìí kan tó tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà rí i pé ooru náà lò ju ọdún 7 lọ lára ìdajì àwọn tó ń mú lemọ́lemọ́. Ọdún 7 kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méje. Mo gbà pé àfiwé mi kò bá ti ààfin mu délẹ̀délẹ̀. Bí Ọ̀gá bá ní èyí tó ju èyí lọ, etí mi ṣí.

Ohun tó jẹ́ kí n di adelé mú ni pé ó gbé àkókò dání. A mọ̀ pé yóò sọ̀kalẹ̀, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ìgbàkígbà là ń fi í jẹ. Ní oṣù Keje 2002, wọ́n dá apá kan ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní WHI dúró ní Amẹ́ríkà. Obìnrin tó wà ní apá náà lé ní 16,000, jẹjẹrẹ ọmú, rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì sì pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ń lo họ́mónù náà. Káàkiri ayé ni àwọn obìnrin ti da oògùn nù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tú u wò pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin yẹn jẹ́ 63. Ní ara púpọ̀ nínú wọn, ìlú ti fara balẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó lọ fi adelé jẹ. Lónìí, ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ ni pé fún ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí kò tíì ju ọdún 10 lọ lẹ́yìn ìkásẹ̀ńlẹ̀, tí ooru ń dà láàmú, tí kò sì ní ìdíwọ́, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ewu ń ga sí i. Èmi wà ní 58, ọdún 7. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí, ṣùgbọ́n n kò lè ní kí n máa rò ó títí ayé. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá. Ìpara họ́mónù tí à ń lò fún gbígbẹ ojú ara nìkan kò sí nínú ẹjọ́ yìí, torí díẹ̀ bíńtín ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, àgbàlagbà náà lè lò ó. Ẹ má jẹ́ ká pe òun ní adelé rárá.

Adelé kì í sì í dá jókòó láìsí àwọn olóyè. Estrogen, họ́mónù tó jẹ́ olórí nínú oògùn yìí, bí ó bá dá wà, yóò máa mú awọ ilé ọmọ nípọn, ó sì lè bí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà gbọ́dọ̀ lo progesterone, họ́mónù tí kì í jẹ́ kí awọ náà nípọn jù, tàbí irú rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ kò nílò ìyẹn. Dókítà mi bi mí nípa ọmú, nípa ẹ̀jẹ̀ dídì àti rọpárọsẹ̀, nípa ẹ̀dọ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ tún ń dà lára mi láìnídìí. Èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara bí pilásítà kì í fa ẹ̀jẹ̀ dídì bí oníhóró ti lè fà á, ṣùgbọ́n ilé oògùn mẹ́ta ni mo wọ̀ lọ́nà Ọba Adésìdà, oníhóró nìkan ni wọ́n kó síwájú mi.

Nǹkan kan kù tí kò kan ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Ẹni tó tẹ ìwé àkọ́kọ́ fún ilé ìwòsàn náà kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan. “Oogun oru” ló wà lókè gàdàgbà. Òógùn òru ni wọ́n ní lọ́kàn, ìyẹn kí ènìyàn máa làágùn mọ́jú. Ìyá ìjọ kan gbé e, ó kà á ní oògùn òru, ó sì bi nọ́ọ̀sì bóyá ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. N kò gbẹ́kẹ̀ lé atẹ̀wé láti fi àmì sí i, nítorí náà mo sá lọ bá ọ̀rọ̀-ìṣe: “Ṣé o máa ń làágùn lóru?” Làágùn kò ní ìbejì tí yóò bá a ṣe àṣìmú.

Báyìí ni ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣe wà lọ́wọ́ mi: “Nǹkan oṣù tó kógbá sílé kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí ooru inú kò bá jẹ́ kí o sùn, ìtọ́jú kan wà tí à ń pè ní ìtọ́jú adelé. Kì í sọ àgbà dèwe. Dókítà ni yóò bá ọ wò ó bóyá ó yẹ ọ́.”

Ọjọ́ Ẹtì ló ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ̀yin ará Oǹdó, Ìdànrè àti Ìlàjẹ, kí ni àwọn ìyá yín ń pe ooru yìí nílé? Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ti ń sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má bá mi tún un ṣe.

Ọmọ Olóyèmẹkùn, láti Alágbàká