Mo ti bẹ Ọlọ́run títí, síbẹ̀ mi ò lè dìde gba Oúnjẹ Olúwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 9.

Télọ̀ ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, oníbàárà kan san owó aṣọ ẹbí sílẹ̀, ọ̀gá wa kó o sínú agolo lábẹ́ tábìlì tí a fi ń gé aṣọ. Èmi ni mo mú 18,000 náírà níbẹ̀. Ebi ò pa mí, fóònù ni mo fẹ́ rà. Nígbà tí wọ́n wá owó tì, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni gbogbo wa kọjú sí, torí òun ló gbá ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sunkún, ó búra. Ìyá rẹ̀ wá, wọ́n kúnlẹ̀ sórí síméńtì, wọ́n bẹ ọ̀gá wa. Èmi jókòó, mò ń yọ òwú lára bùbá, mi ò la ẹnu. Wọ́n lé ọmọ náà lọ. Ó gbàgbé tépù rẹ̀ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi ni mo sì ń fi wọn aṣọ títí mo fi ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Mo ti gba àwẹ̀, mo ti lọ sórí òkè àdúrà. Mi ò mọye ìgbà tí mo ti jáde síwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ á ní kí a gbà pé a ti rí ìdáríjì, màá ṣe àmín, kí n tó délé, ọkàn mi á tún dá mi lẹ́bi. Tí wọ́n bá ti gbé Oúnjẹ Olúwa jáde, mi ò kì í dìde. Ọkọ mi rò pé inú ló ń run mí. Ṣé Ọlọ́run ti dárí jì mí àbí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bí mo ṣe kà á tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọ. Ó ti dárí jì ọ́. 1 Jòhánù 1:9 ò sọ pé tí ara wa bá fúyẹ́, ó ní tí a bá jẹ́wọ́. Olóòótọ́ ni wọ́n pe Ọlọ́run níbẹ̀. Èmi náà ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fi ọdún 2 gbáko bẹ̀bẹ̀ fún lálaalẹ́, bí ẹni pé Bàbá ti gbàgbé pé mo bẹ Òun lánàá. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo dákẹ́, mo kàn ní, "Bàbá, ẹ ṣeun." Ọjọ́ náà ni mo tó rí oorun sùn.

Àbúrò yín l'Ékòó: Àmín sí ti Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ tún un tú síta o. Míkà 7 ní ìsàlẹ̀ òkun ni Ó ju ẹ̀ṣẹ̀ wa sí. Tí ẹ bá sọ ọ́ lónìí, ta ló máa tún gbé léèsì fún yín rán?

Onídìrí: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Wọ́n ti pè mí lólè rí níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, mi ò sì jalè. Títí dòní, tí nǹkan bá sọnù níbi tí mo wà, àyà mi á kọ́kọ́ já. Mi ò retí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń retí kí ẹnì kan wá sọ òótọ́ lójú màmá mi. Màmá mi ti kú báyìí. Ẹ̀ṣẹ̀ yín wà nísàlẹ̀ òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ yẹn ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ Sọ́ńdè-Sukúù: Àbúrò mi, wo Sákéù, agbowó-orí, nínú Lúùkù 19. Orí igi ló ṣì wà tí Jésù ti ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀. Kò tíì dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó fi ayọ̀ gba Jésù lálejò ló tó dìde, ó ní ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, ìlọ́po 4 ni òun máa san. Wá wo Júdásì tó ta Jésù, nínú Mátíù 27. Òun náà dá owó padà, 30 owó fàdákà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn olórí àlùfáà ló gbé e lọ, àwọn yẹn ní kò kan àwọn, ó bá lọ pokùn so. Pétérù tó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta dúró. Nígbà tó gbọ́ pé Olúwa ló wà létí òkun, ó bẹ́ sómi lọ bá a.

Nítorí náà, má lọ bẹ ọmọ yẹn kí Ọlọ́run lè dárí jì ọ́. Lọ bẹ̀ ẹ́ torí Ó ti dárí jì ọ́. Sọ fún ọkọ rẹ ná, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ, torí ibẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà ti bàjẹ́. 18,000 ìgbà yẹn kì í ṣe 18,000 òní o, jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá lé ọ jáde, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìdáríjì Ọlọ́run ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó bá sì ní kí o wá san owó àkànṣe àdúrà lórí èyí, sá fún un.

Ẹni tó béèrè, lẹ́yìn ọjọ́ 16: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó dìde, ó lọ jókòó síta, ó pẹ́ kó tó wọlé padà, ó wá ní òun máa tẹ̀ lé mi. Ọ̀gá mi sunkún jù mí lọ, wọ́n ní ẹnu ara àwọn ni àwọn fi lé ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ló fún mi ní nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní, "O ò mọ ohun tí o ṣe fún wa," wọ́n gé fóònù. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè padà, wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé, ọmọ náà á wà nílé. Mi ò mọ ohun tó máa sọ. Ẹ gbàdúrà fún mi.

Lánàá wọ́n gbé Oúnjẹ Olúwa jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dìde. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú títí a fi dé iwájú.

Tépù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti ká a sínú báàgì tí màá gbé lọ ní Sátidé.