Ẹ gbà mí o: ta ló mọ dókítà ẹnu tó mọṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọmọ Aláta: Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnu ìyá mi ti ń bó láti bí oṣù mẹ́rin. Á lé ròrò, á bẹ́, èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ògì tútù nìkan ló ń wọlé. Ibo ni ká gbé e lọ? Àárọ̀ ọ̀la la fẹ́ jáde.

Bàbá Ìbejì Tákié: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni ọdún mélòó ni màmá? Ṣé ó ní àtọ̀gbẹ? Ẹnu nìkan ni àbí ó ti dé ara? Bó ti wù kó rí, ilé ìwòsàn LAUTECH ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ béèrè ẹ̀ka eyín.

Ìyá Dámi: Ooru inú ni. Ẹ fún un lágbo, kó máa fi pákò rin ẹnu dáadáa.

Àdùkẹ́: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín màmá o! Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní kòkòrò ni, wọ́n yọ eyín méjì, ojú ibẹ̀ ò jinná. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń ra oògùn kiri. Bí wọ́n bá ti ń pín oúnjẹ níbi ìnáwó, màá dọ́gbọ́n jáde. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, màá fọwọ́ bo ẹnu nítorí òórùn. Láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti gbẹ mọ́ mi létè, omi ni mo fi ń rẹ ẹ́ kí n tó lè lanu. Ìgbà tí ẹ̀yìn mi náà lé ròrò ni wọ́n tó ní kí n lọ UCH n'Íbàdàn. Wọ́n gé ẹran bíńtín létí egbò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: pemphigus vulgaris. Àwọn ọmọ ogun ara mi fúnra wọn ló ń tú ohun tó so àwọ̀ mọ́ra. Kì í ràn. Ẹnu ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú.

Àjàní: Kì í ṣe gbogbo aládàáni ló burú o. Wọ́n tọ́jú ọmọ tèmi dáadáa.

Àdùkẹ́: Àjàní, eyín tó jẹrà ni tọmọ yín. Eyín mi ò ṣe nǹkan kan tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ọlá Arówómọlé: Prednisolone ni wọ́n máa fún un, oògùn tó ń dẹwọ́ àwọn ọmọ ogun ara. Ó wú ẹ̀gbọ́n mi lójú, ṣúgà rẹ̀ gòkè. Mi ò ní gbà kí ìyá mi lò ó.

Nọ́ọ̀sì Sábó: Ọlá, kí irú oògùn yẹn tó dé ní nǹkan bí ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí ló ń kú. Dókítà á máa wo ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó léwu ni kéèyàn dédé dá a dúró. Ọmọ Aláta, ẹ má rà á ní kẹ́míìsì kí wọ́n tó yẹ ẹran ẹnu yẹn wò. Pákò á tún ya á ni; búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀ ni kó lò, kó má sì pa fífọ eyín tì, ìdọ̀tí eyín ń dá kún un. Kó yẹra fún ata, ọsàn, gúgúrú àti ohun gbígbóná. Bí ojú bá ń pọ́n, ẹ sọ fún dókítà: àìsàn mìíràn wà tó jọ ọ́, pemphigoid, tó lè fọ́ni lójú.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ UCH, eyín ọmọ mi wọ́, ṣé wọ́n ń fi wáyà sí i níbẹ̀?

Ọmọ Aláta: Ẹ ṣé gan-an. Ìlọrin la ń lọ, ilé ìwòsàn UITH. Àbúrò màmá ń gbé níbẹ̀, á máa po ògì fún un. Màmá ò fẹ́ gbọ́ Ìbàdàn sétí. Ẹni ọdún 54 ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú ti ń pọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rò pé ata tó ń tà ló ń ta á ni. Màá sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, màmá ní kí n bi yín: ẹran tí wọ́n gé yẹn, ṣé ó dùn yín?

Àdùkẹ́: Wọ́n á kọ́kọ́ gún un lábẹ́rẹ́ tí ibẹ̀ á fi kú. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ta mí. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n gé e.