Ẹ wá sọ ìrírí yín: ọjọ́ tí spot (ìkéde orí kọ̀ǹpútà pé lágbájá wà níbi báyìí lórí réédíò) kó èrò lé yín lórí, tàbí tó lé wọn lọ

Bọ̀dá Àpáta:
Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ojúmọ́ o. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba láísẹ́ńsì réédíò aládàáni, èyí tá a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ káàkiri ayé, rò pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyí, pé èèyàn á kàn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ní lágbájá wà ní 14025 kilohertz, ìwọ á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ìdíje CQ World Wide ti CW (ìyẹn Morse, ká fi àmì kúkúrú àti gígùn sọ̀rọ̀) ni, ìparí oṣù kọkànlá, wákàtí 48 gbáko. Mo so wáyà láti orí páànù wa lọ sára igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aládùúgbò (òun ló fẹjọ́ mi sun baálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé amí ni mí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná). Alẹ́ Sátidé, iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀, ariwo ẹ̀ kún inú réédíò bí ẹni ń dín àkàrà, mo pa á, mo lọ tú bátìrì mọ́tò wọlé. Mo ń pe CQ (ìyẹn "ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, ẹ dáhùn"), mo ń pe CQ, ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi tí kọ́ọ̀lì mi, orúkọ mi lórí réédíò, fi 5N bẹ̀rẹ̀ o! Nàìjíríà tí wọ́n ń wá kiri nínú ìdíje torí a ò pọ̀ tá à ń jáde, tó sì jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń sọ máàkì wọn di ìlọ́po.

Mo bá ṣí Reverse Beacon Network lórí fóònù. Fẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n, àwọn réédíò kan ni káàkiri ayé tí kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n, CW Skimmer tí Alex Shovkoplyas, VE3NEA, gbé jáde ní 2008 ló ń bá wọn ka Morse, tí wọ́n bá ti gbọ́ CQ ẹ báyìí, kọ́ọ̀lì ẹ, ibi tó o wà lórí bandi àti bọ́wọ́ ẹ ṣe yá tó ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Wọ́n gbọ́ mi lóòótọ́. SN ni wọ́n kọ! Nínú Morse, 5 jẹ́ dit (àmì kúkúrú) márùn-ún, S jẹ́ mẹ́ta, ariwo ti gbé méjì mì. SN, Pólàńdì nìyẹn, ta ló sì fẹ́ sáré tìtorí Pólàńdì? Àfi bí agbèrò tó dúró sẹ́nu mícrà Mọ́kọ́lá tó ń pariwo Òjòó, Òjòó, ẹnì kan péré.

Mo dẹwọ́, láti ọ̀rọ̀ 30 sí 22 ní ìṣẹ́jú kan, mo ń tẹ 5 yẹn bí ẹni ń ka owó fún ìyá arúgbó. Kò pẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ dáadáa, yéè! Gbogbo wọn ya lù mí lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì tẹ ibi tí spot ní kí wọ́n tẹ̀ gan-an, ohùn wọn lẹ̀ mọ́ra di pííííí kan ṣoṣo. Ẹni tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nìkan ni mò ń rí dá lóhùn. Torí pé mo ti wo ojú spot, abẹ́ assisted, ìsọ̀rí àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́, ni mo fi lọ́ọ̀gù mi (àkọsílẹ̀ àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀) sí, mi ò lè purọ́.

Àgbà Mọ́kọ́lá:
Ẹ ń jayé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ rí i, 1991, PacketCluster, ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín spot, tí Dick Newell, AK1A, kọ. Àpótí kékeré kan, TNC, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ohùn fún réédíò, wà láàrin kọ̀ǹpútà àti réédíò 2 mítà, 1200 baud, ó ń wọ́ bí ìgbín. Èèyàn ló ń fi etí gbọ́, èèyàn ló ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ìyẹn tó dé, wọ́n á kígbe síra wọn lórí 2 mítà ni, tàbí kí wọ́n fóònù ara wọn lóru. Lọ́jọ́ kan a gbọ́ ibi kan tó ṣọ̀wọ́n, mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́: "Ṣé orí ẹ pé? Ká kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná!"

Ìyá Bódìjà:
😂😂 Bọ̀dá Àpáta, baálẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì wá?

Bọ̀dá Àpáta:
Wọ́n wá o. Mo fi hẹ́dífóònù sí wọn létí, wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní ọmọ àwọn kan wà ní Pólàńdì, ṣé mo lè bá àwọn pè é.