Bá a ṣe bá àwọn ọmọ ka ìròyìn Tani

Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní pírámárì fọ́ọ̀ wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi ní Lágéré níbí, n'Ífẹ̀, ló bá rí ìròyìn Tanitoluwa Adewumi lórí fóònù mi, ọmọ Yorùbá tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì (chess) ní New York yẹn, tó gbégbá orókè nígbà tí òun àtàwọn òbí ẹ̀ ò nílé. Ó kà á geerege, mo ní kó sọ ohun tó kà, ó ní "ọmọ kan ló rówó". Ha!

Ti ṣẹ́ẹ̀sì ò le, mo ní kó rò ó bí ayò ọlọ́pọ́n, kó o tó ta tìẹ o ti gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹnì kejì fẹ́ ta. Àmọ́ pé èèyàn wà l'Amẹ́ríkà tí ò nílé, ó ní irọ́ ni. Mo ní kó padà lọ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ bàbá ọmọ náà: iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe ní Nàìjíríà, Boko Haram ní kó bá àwọn tẹ pósítà, ó kọ̀, ẹ̀mí wọn ò dè mọ́, bí wọ́n ṣe sá délẹ̀ yẹn ní 2017 nìyẹn tí wọ́n sì ń gbé ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí ò nílé sí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé wọn ò ní ẹbí kankan níbẹ̀ ni?"

Ó tún rí ìròyìn míì tó pè é lọ́mọ ọdún 10, ti àkọ́kọ́ sì ní ọdún 8. Ó ní wọ́n ti gé ọjọ́ orí bíi tàwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Mo ní kó wo déètì: oṣù kẹta 2019 ló gbégbá orókè láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sísàlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, oṣù karùn-ún 2021 ló di National Master, oyè tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá nínú ṣẹ́ẹ̀sì l'Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé máàkì ẹ̀ ti kọjá 2200. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣírò ìyókù. Ní báyìí, kódà bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, ó ń wá déètì ẹ̀.

Owó ló bí i nínú. Àwọn èèyàn dá ohun tó lé ní 200,000 dọ́là fún wọn, àwọn òbí ní ìdá mẹ́wàá á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyókù á lọ fún ríran àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́. Ó ní ṣé wọn ò kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ni. Mo ní kó lọ bi ìyá ẹ̀.

——

Tèmi rèé láti Iléṣà. Ọmọ mi ò fẹ́ kà á rárá, bàbá ẹ̀ ti fi bú u, "wo ẹgbẹ́ ẹ". Mo kàn fi hàn án pé nǹkan bí ọdún kan ni Tani fi kọ́ ọ kó tó gba ife yẹn, iléèwé ò sì gbowó ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀ torí ìyá ẹ̀ sọ fún wọn pé àwọn ò ní in. Ó ní ta ló máa kọ́ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́ ọmọdé ní ṣẹ́ẹ̀sì n'Íléṣà?