Kéèkì pákí: kí ló ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ máa fà?

Ọmọ Alásè
Ẹ kú ilé o. Kéèkì pákí ti àwọn ará Bùràsíìlì, bolo de aipim, ni mo ń ṣe. Pákí rínrin kílò 1, ẹyin 3, ṣúgà gíráàmù 250, bọ́tà 100, àgbọn rínrin 100, mílíìkì àgbọn mìlílítà 200, iyọ̀ díẹ̀. Inú páànù róbótó tó jìn ni mo ń dà á sí, ìṣẹ́jú 45 ní dígíríì 180. Òkè ń pọ́n, àmọ́ àárín ń fà, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ṣé kí n bu fúláwà sí i ni?

Ìyá Olóófùnù
Ẹ má bu fúláwà kankan sí i. Omi ara pákí ni ẹ kò fún. Bí ẹ bá rin ín tán, ẹ kó o sínú aṣọ funfun, kí ẹ fún un lórí abọ́. Ẹ má fún un gbẹ bíi ti gàrí o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa rún. Bí ẹ bá di ẹ̀kúnwọ́ kan mú, kó dì pọ̀, kí omi má sì kán. Ẹ jẹ́ kí omi inú abọ́ tòrò fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ da ti òkè nù, kí ẹ ha sítáàṣì tó sùn sísàlẹ̀ padà sínú pákí. Òun ló ń di kéèkì yìí mú.

Páànù yẹn náà ń dá kún un. Ẹ lo onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìbú, 30 ní gígùn, kí ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀ má ga ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Wákàtí kan sí wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà. Bí ó bá jiná, funfun inú rẹ̀ á ti pòórá, á máa dán díẹ̀, kò ní rí bí ògì mọ́. Ẹ má sì gé e ní gbígbóná! Sítáàṣì kì í dì àfi tó bá tutù pátápátá. Wákàtí méjì, ó kéré tán.

Bàbá Olóko
Pákí wo lẹ rà ná? Aipim tí wọ́n ń pè yẹn, èyí tí wọ́n ń sè jẹ ni. Wọ́n ń pè é ní macaxeira lápá àríwá-ìlà-oòrùn Bùràsíìlì. Èyí tó korò wà fún gàrí, torí májèlé inú rẹ̀ pọ̀, ófùnù nìkan kò sì lè yọ ọ́ tán. Kéèkì tó bá korò, ẹ dà á nù. Ẹ bó èèpo méjèèjì, ẹ yọ okùn àárín. Tí ẹ bá rí ìlà dúdú nínú rẹ̀, ó ti pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n wú u, ẹ fi í lẹ̀.

Ọmọ Alásè
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ti inú fìrísà, tí wọ́n ti bó, ńkọ́?

Ìyá Olóófùnù
Ó dára. Ẹ rin ín nígbà tí yìnyín ara rẹ̀ kò tíì yọ́ tán, ọwọ́ kò ní yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yọ́ tán kí ẹ tó fún un, omi rẹ̀ á pọ̀ ju ti tútù lọ. Okùn sábà máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa.

Bí ẹ bá rí bolo de puba níbì kan, pákí tí wọ́n rẹ títí tó fi kan, bíi ti fùfú, ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Ẹ má fi ìwọ̀n omi ti òkè yìí ṣe é.