Yunifásítì aládàáni kéékèèké lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn: kí ni òbí kì í béèrè?

Ìbéèrè láti Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àsìkò tí lẹ́tà yunifásítì aládàáni ń dé ọwọ́ òbí la wà yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ inú wọn, pàápàá àwọn kéékèèké tó wà lọ́nà oko, Akínyẹlé, Lágelú, Ìdó, kí lẹ máa ń rí tí òbí kì í béèrè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ká gbàdúrà sí i. A ti gbàdúrà.

Ọ́físì ìgbanisílé (admission): Gbogbo òbí ló ń béèrè pé, "Ṣé NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, mọ̀ yín?" Ìyẹn ò le, orúkọ gbogbo yunifásítì tó níwèé àṣẹ wà lórí ìkànnì NUC. Èyí tí wọn kì í béèrè ni, "Kọ́ọ̀sì tí ọmọ mi fẹ́ ṣe ńkọ́?" Kọ́ọ̀sì ni NUC ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó fọwọ́ sí i (accreditation). Ìfọwọ́sí "full" máa ń lo ọdún 5, "interim" máa ń lo ọdún 2. Tó bá jẹ́ "denied", wọn ò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun sí i. Ilé-ìwé kan náà lè ní full nínú Accounting, kó ní interim nínú Computer Science.

Nọ́ọ̀sì tún yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń fún wọn ní iye ọmọ tí wọ́n lè gbà. Ká ní 50 ni wọ́n fún wọn, tí ilé-ìwé wá gba 80, ọgbọ̀n tó ṣẹ́ kù ò ní rí indexing, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tí kò bá sì ní indexing ò lè jókòó fún ìdánwò ìgbìmọ̀, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ẹ béèrè iye náà, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀yí tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lára nìyí: lẹ́tà tí yunifásítì tẹ̀ fúnra rẹ̀ ò tíì di ìgbanisílé. Láti 2017, orí CAPS, ìkànnì tí JAMB fi ń gba ọmọ wọlé, ni ìgbanisílé ti ń wáyé. Ọmọ á lọ gbé èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ sórí JAMB ní CBT centre. Bó bá jẹ́ pé ibòmíì ló kọ́kọ́ mú, á yí i sí yunifásítì tuntun yìí. Ilé-ìwé á dá orúkọ rẹ̀ lábàá, JAMB á fọwọ́ sí i, ọmọ á wá fúnra rẹ̀ tẹ "Accept", lẹ́yìn náà á tẹ lẹ́tà JAMB jáde. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni èsì tí wọn ò gbé sókè: ọmọ ti gba èsì tipẹ́, "awaiting result" ṣì ni JAMB ń rí. Kò sẹ́ni tó máa rántí títí di ọdún kẹrin, tí wọ́n bá ń to orúkọ àwọn tó máa lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹ wo orúkọ inú NIN àti ti WAEC náà bóyá wọ́n bára mu, tó fi dé orí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Wọ́kìsì (ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé, iná àti omi): Ẹ fi ti ìwé sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ ti omi. Orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó sí. Inú ilẹ̀ tó rà lórí àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi wà, ìyẹn ni bóhòòlù méjì tí kò jìnnà síra wọn ṣe lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Ilé-ìwé tí kò bá ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ kó tó gbẹ́, inú ihò ló da owó sí.

Ẹ ṣírò ẹ̀: ọmọ 300, lítà 60 lójúmọ́ fún kálukú, lítà 18,000 nìyẹn. Bóhòòlù tó ń mú lítà 1 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan á fa 3,600 ní wákàtí kan, wákàtí 5 gbáko nìyẹn. Bí iná bá wá fún wákàtí 3, jẹnẹrétọ̀ ló máa fa ìyókù. Tó bá di oṣù kejì sí ìkẹta, omi á lọ sílẹ̀ nínú ihò. Bí kò bá sí wáyà tó máa pa pọ́ǹpù nígbà tí omi bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ẹnu rẹ̀, pọ́ǹpù á máa yí lásán, á gbóná, á jó. Kò sì sẹ́ni tó ń fa páìpù jáde lálẹ́ láti yọ pọ́ǹpù tó jó.

Nítorí náà, ẹ má lọ wò ó ní ọjọ́ àríyá ìgbàwọlé. Ẹ lọ lóṣù kẹta, kẹ́ ẹ gun họ́sítẹ́ẹ̀lì dé àjà tó ga jù, kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀rọ omi.

Òbí kan, Mọ́níyà: Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n o. Kíláàsì ọmọ 12, olùkọ́ á mọ orúkọ kálukú wọn. Ṣé ẹ rí ìyẹn ní ibi tí ọmọ 400 ti ń jà sí àga?

Ọ́físì ìgbanisílé: Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń kọ́ àwọn 12 ọ̀hún. Ẹ béèrè fún táìmùtébù sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá. Bí orúkọ kan bá wà lórí kọ́ọ̀sì mẹ́fà, tàbí tó jẹ́ Sátidé nìkan ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń yọjú, àyálò ni wọ́n ń lò. Owó náà ńkọ́? TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé-ìwé gíga, kì í kọ́lé fún aládàáni, ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ò sì kan ọmọ wọn. Owó tí òbí san ló ń ra dísù, òun ló ń san owó oṣù. Ẹ̀ka tó ní ọmọ mẹ́sàn-án ò lè bọ́ ara rẹ̀, wọ́n lè pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà ní 100 level báyìí.

Ìbéèrè láti Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ̀ ńkọ́?

Òbí kan, Mọ́níyà: Micra ń dé ojú títì. Láti ibẹ̀ wọ géètì, ọ̀kadà ni, tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, wọn kì í fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà méjì sílẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.